Másítà ètò ìlú àbí ti dátà ìlú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ra fọ́ọ̀mù

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo wà. Ètò ìlú àti agbègbè ni mo kà ní yunifásítì, 3.42 nínú 5.0 ni mo sì fi jáde. 2:2 ni wọ́n ń pè é. Ó ku 0.08 péré kó di 2:1. (Ẹ má fi ìyẹn bá mi ṣeré, ìyá mi ti sunkún rẹ̀ tán.) Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo wọ ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń yẹ pláànù ilé wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọdún méjì àtààbọ̀ rèé tí mo ti wà níbẹ̀. Mo fúnra mi kọ́ QGIS tí wọ́n fi ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ́ Python, èdè kóòdù, nígbàkígbà tí NEPA bá mú iná wá.

Mo fẹ́ lọ ṣe másítà lókè òkun. Àwọn kan ní kí n lọ ka ètò ìlú gan-an, kí n má ṣe ya ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn ti di ti àtijọ́, pé urban analytics (fífi dátà mọ ìlú) ni kí n lọ fún, dátà ló ń mówó wá báyìí. Èwo ni kí n gbọ́? Ṣé 2:2 mi lè wọlé níbì kankan? Ṣé ìdánwò GRE ti Amẹ́ríkà di dandan ni? Kí n tètè sọ ọ́ o: owó kò sí.

Danfo_Philly

Àbúrò, kú àròjinlẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n, wọ́n kàn jọ ń gbé àdúgbò kan ni.

Ẹni tó bá ka ètò ìlú máa mọ òfin ilẹ̀. Ó máa mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ sí ti ilé, ti ọjà, ti ilé-iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ará àdúgbò kí wọ́n tó la títì gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Stúdíò ló pọ̀ jù níbẹ̀: wọ́n á gbé àdúgbò gidi kan lé yín lọ́wọ́, ẹ ó fi sáà kan gbáko ṣètò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì ló máa ń gbà. Àwọn másítà ètò ìlú bíi MCP ti MIT àti ti Berkeley, MURP ti UCLA àti ti Michigan, ọdún méjì méjì ni gbogbo wọn.

Analytics yàtọ̀. Másítà MUSA ti Penn wà níbí lọ́dọ̀ wa, CUSP, ilé-ẹ̀kọ́ dátà ìlú ti NYU tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, wà ní Brooklyn. Bí ọdún kan ni. Kóòdù, ìṣirò, máàpù, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. O máa mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìròyìn káàdì ọkọ̀ sọ ibi tí èrò ti ń pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí baálẹ̀ bá dìde nínú ìpàdé tó ní ẹnìkan ò ní gba ilẹ̀ bàbá òun kọjá, kò sí kóòdù tó máa bá ọ dáhùn.

Ohun kejì tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín: èdìdì. Ní Amẹ́ríkà, àjọ PAB ló ń fọwọ́ sí másítà ètò ìlú. Bí tìrẹ bá ní èdìdì yẹn, ọdún iṣẹ́ tí wọ́n máa béèrè kí o tó lè jókòó fún AICP, ìwé ẹ̀rí planner wọn, á dín kù. Ọ̀pọ̀ másítà analytics kò ní in, torí wọn ò pe ara wọn ní ètò ìlú. Ẹ̀kẹta ẹ̀wẹ̀: iṣẹ́ lẹ́yìn ìwé. Oṣù 12 ni OPT, ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ STEM (sáyẹ́ǹsì, ẹ̀rọ àti ìṣirò) lè fi oṣù 24 kún un. Orúkọ ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń pinnu èyí, CIP rẹ̀ ni, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́, kí o bi wọ́n: «CIP code yín jẹ́ mélòó?» Wọn ò ní bínú. Ẹ̀kọ́ méjì tó jọra lè ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ ní yunifásítì kan náà. Àti pé òfin físà Amẹ́ríkà ń yí bí ojú ọjọ́ ni báyìí. Ka ojú ewé ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ sanwó fọ́ọ̀mù, má gbọ́ ti ẹni tó gba físà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa fi sílẹ̀ fún ọ. Kí ló ń dùn ọ́ nípa ìlú tó o mọ̀ dáadáa? Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ «a ò mọ iye ilé tó wà lójú odò», dátà ló ń pè ọ́. Bí ó bá jẹ́ «a mọ̀ ọ́n, a kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́», ètò ìlú nìyẹn.

Ẹni_X_Pupa

Ah, town planner! Ẹ̀yin tí ẹ wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní 2016. Mo ti rí yín báyìí o.

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́! Inú kíláàsì ni mo wà ní 2016.

@Danfo_Philly ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè yẹn gún mi. Mò ń rò ó.

Àbẹ̀ní_Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ìlú Ọba ni tèmi. Ọdún kan ni másítà níbí, bóyá ètò ìlú ni o àbí dátà. Liverpool ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ka ètò ìlú sílẹ̀ ní gbogbo ayé, 1909. Wọ́n ní Geographic Data Science náà báyìí. UCL ní ilé-ẹ̀kọ́ Bartlett fún ètò ìlú, ó sì ní ẹ̀ka CASA, tí Michael Batty dá sílẹ̀ ní 1995, fún dátà ìlú. Glasgow ní Urban Analytics. Níbí, RTPI, ẹgbẹ́ àwọn planner, ló ń fi èdìdì sí ètò ìlú. Wọ́n kó orúkọ gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí sójú ewé wọn, wò ó kó o tó gbà pé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀.

Lórí 2:2: ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tó sọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Lọ sí «Nigeria» lórí ẹ̀, má wo ti àwọn ọmọ ibí. Àwọn kan á kọ ọ́ gbangba pé 2:1, àwọn kan á ní 2:2 pẹ̀lú iṣẹ́ tó jọ mọ́ ọn. Èmi náà, 2:2 ni mo ní. Ilé-ẹ̀kọ́ kan kọ̀ mí lọ́jọ́ kẹrin, bóyá kọ̀ǹpútà ló tilẹ̀ kọ̀ mí. Èkejì béèrè ìwé iṣẹ́ mi, wọ́n sì gbà mí. Ohun tí mo ṣe tó yàtọ̀: kí n tó ra fọ́ọ̀mù, mo kọ lẹ́tà ìlà márùn-ún sí olórí ẹ̀kọ́ náà, mo ní «2:2 ni mo ní, ohun tí mo ti ṣe lẹ́yìn ìgbà náà rèé, ṣé kí n wá?» Ẹni tó bá fẹ́ gbà ọ́ máa dáhùn.

Bí o bá ní C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC, wo bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gbà á dípò IELTS, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á. Má tètè lọ ná owó IELTS. Ọdún méjì ló fi ń wúlò.

Ìnáwó tí ènìyàn máa ń gbàgbé: owó ìlera £776 lọ́dún, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti owó oúnjẹ àti ilé gbígbé tó gbọ́dọ̀ sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 láìsọ̀ kalẹ̀. Láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó ń bọ̀ fún másítà onílẹ́kíṣọ̀ kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣègbéyàwó, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ ọkọ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ó ti dá ìjà sílẹ̀.

Olùkọ́_Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba lẹ́tà ìjẹ́rìí. Lọ́dọọdún ni mò ń kọ ọ́ fún ọmọ púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bó ṣe rí lára mi.

Ọmọ tí mi ò rí láti ọdún mẹ́ta á fi WhatsApp ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́: «Good evening sir, deadline is tomorrow.» Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo rántí, ojú rẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn. Kí ni kí n kọ? Mo máa kọ ọ́, torí ọmọ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn máa gbẹ bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó ń kà á lọ́hùn-ún mọ lẹ́tà gbígbẹ.

Àdùkẹ́, fún olùkọ́ rẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ímeèlì kan ṣoṣo: èsì rẹ, SOP rẹ (àlàyé ìdí tó o fi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ náà) bí kò tilẹ̀ tíì parí, orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan máa tì, àti ìlà mẹ́ta tó máa rán an létí ohun tó o ṣe nínú kíláàsì rẹ̀. «Èmi ni mo ya máàpù ọjà nínú stúdíò 400 level tí ẹ sọ pé kí a gbé kọ́ ara ògiri.» Àh! Nígbà náà ni mo máa rántí, tí máa sì ní ohun tí máa kọ.

Bẹ olùkọ́ náà kó lo ímeèlì yunifásítì rẹ̀. Ojú ewé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan fi ń gba lẹ́tà kì í fọkàn tán Yahoo àti Gmail. Bí wọ́n bá béèrè ẹlẹ́rìí mẹ́ta, mú olùkọ́ méjì àti ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sàn ju ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ orúkọ rẹ nìkan.

Bí olùkọ́ bá sì sọ pé «lọ kọ ọ́ wá, máa fọwọ́ sí i», fi ọgbọ́n kọ̀. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù máa ń rí i bí SOP àti lẹ́tà mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà. Ohun kan náà ni mo ní láti sọ nípa ChatGPT.

Lórí 3.42 yẹn: má fọwọ́ ara rẹ sọ ọ́ di nọ́ńbà 4.0. Kọ 3.42/5.0, bó ṣe wà nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe ìṣirò tó máa bà á jẹ́ fún ara wọn, àwọn míràn ń ṣe èyí tó ga ju òtítọ́ lọ, méjèèjì léwu. Bí èsì ọdún méjì ìkẹyìn rẹ bá dára ju ti ọdún kìíní lọ, sọ ọ́ ní ìlà méjì. Méjì péré. Má sọ ìtàn àìsàn àti ìyanṣẹ́lódì fún ojú ewé kan gbáko.

Ẹsẹ̀_Ti_Wú

Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí transcript, ìwé èsì wa. Oṣù méje. Oṣù méje ni ilé-ẹ̀kọ́ tèmi (mi ò ní dárúkọ, wọ́n mọ ara wọn) fi mú un jáde. Mo sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn ò rí owó. Mo lọ síbẹ̀, wọ́n ní fáìlì mi wà ní ọ́fíìsì kejì. Ọ́fíìsì kejì ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ síbi òkú. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ti tìlẹ̀kùn kí ìwé yẹn tó jáde.

Nítorí náà: bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó o tó mọ ibi tó ò ń lọ pàápàá. Gba ẹ̀dà tìrẹ sọ́wọ́, kó o sì skáànì í pẹ̀lú ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n kọ ìtumọ̀ máàkì sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà máa gba ẹ̀dà yìí nígbà tó o bá ń fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, wọ́n á wá béèrè ojúlówó lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà ọ́. Má sanwó WES, àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Danfo_Philly

GRE: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ètò ìlú ti jù ú nù láti 2020. $220 ni, wákàtí méjì ló ń gbà báyìí, ó ti kúrú láti oṣù kẹsàn-án 2023. Bí kò bá di dandan, tí ìṣirò rẹ sì ti hàn nínú transcript, fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ́ọ̀sì ìṣirò kankan tó sì fẹ́ lọ fún dátà, òun nìkan ni mo máa ní kó rò ó wò. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ lọ kọ́ statistics dáadáa ná.

Baba_Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí gbogbo yín fẹ́ sá? UI ní ètò ìlú, OAU ní, UNILAG ní, FUTA ní. NITP, ẹgbẹ́ àwọn planner wa, ti wà láti 1966, ìgbìmọ̀ TOPREC ló sì ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ nílùú yìí, kì í ṣe PAB. Ẹ lọ kọ́ ìlú àwọn ẹlòmíràn, tí ẹ bá dé, ẹ máa ní kí a fi kẹ̀kẹ́ ológeere rọ́pò danfo.

Olùkọ́_Àgbà

Alàgbà, mo gbọ́ o. Akin Mabogunje lọ gba ọ̀mọ̀wé ní University College London, ó padà wá sí Ìbàdàn, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa bí ìlú Yorùbá ṣe ń dàgbà. Lílọ kọ́ ni sísá. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín lórí TOPREC: Àdùkẹ́, bí o bá fẹ́ padà wá fọwọ́ sí pláànù nílé, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ rẹ sùn. Másítà dátà nìkan kò ní sọ ọ́ di planner lójú wọn. Dígírì àkọ́kọ́ rẹ ló máa gbà ọ́ sílẹ̀.

Ará_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó láti Porto-Novo. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà máa ń gbàgbé pé nǹkan wà ní itòsí. Ilé-ẹ̀kọ́ EAMAU wà ní Lomé, láti àwọn ọdún 1970, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ló jọ ni ín, ètò ìlú àti iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni wọ́n ń kọ́. Faransé ni èdè wọn o, kò sí àbùjá. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀ ní ìhà Kétu àti Pọ́bẹ̀, kó wò ó.

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ SOP. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé, mo yí i sí Yorùbá kí gbogbo wa lè gbádùn ẹ̀: «Láti kékeré ni ìlú ńláńlá ti máa ń wù mí. Ní ayé òde òní tí àwọn ìlú ń dàgbà kíákíá, ètò ìlú tó múná dóko ṣe pàtàkì fún ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́…»

Danfo_Philly

Pa á rẹ́.

Àbẹ̀ní_Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Pa á rẹ́, kó o tún sọ fáìlì tó wà nínú rẹ̀ nù. Ẹni tó ń kà á ti ka igba irú rẹ̀ kí tìrẹ tó kàn. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ? Sọ ìtàn kan fún wa, bí ìgbà tó ò ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́.

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Ó dáa. Bàbá kan mú pláànù wá, ilé yàrá mẹ́fà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ náà jìnnà sí odò dé ìwọ̀n tó yẹ. Ẹni tó lọ wò ó fi ojú wọ̀n ọ́n ni. Wọ́n fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, mo gba ibẹ̀ kọjá. Odò kékeré yẹn, tó ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀nà, ti dé ojú fèrèsé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé bàbá náà sì ti dé lẹ́ńtẹ̀. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mọ iye pláànù tí a ti fọwọ́ sí lẹ́bàá odò yẹn láti ọdún márùn-ún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Fáìlì wà, àwòrán wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan ṣoṣo tí ẹ ti lè rí gbogbo wọn pọ̀ lórí máàpù. Ìyá mi àgbà sì máa ń sọ ti Ògùnpa, 31 oṣù kẹjọ 1980, bí wọ́n ṣe ń wá òkú ènìyàn nínú ẹrẹ̀. Èmi náà rí ti 2011 pẹ̀lú ojú ara mi. 26 oṣù kẹjọ ni, mo ṣì kéré.

Danfo_Philly

Àdùkẹ́. SOP rẹ nìyẹn. O ti kọ ọ́ tán. O sì ti dáhùn ìbéèrè mi.

Máàpù_Àgbo

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n wọlé síbí, ọ̀rọ̀ mi dé. Àdùkẹ́, má lọ ní ìtàn nìkan, lọ pẹ̀lú iṣẹ́ kékeré kan. Kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀ ju dátà íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Google ní ohun tí wọ́n ń pè ní Open Buildings, wọ́n gbé e jáde ní 2021: àwòrán òrùlé ilé ní Áfíríkà, kọ̀ǹpútà ló fi ojú sátẹ́láìtì yà á. Gbé ti Ìbàdàn sínú QGIS. Fa odò láti OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì ní ìwọ̀n tí ọ́fíìsì yín ń lò, kó o wá ka òrùlé tó bọ́ sínú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ rí bí ìlú ṣe ń sún mọ́ odò lọ́dún dé ọdún, sátẹ́láìtì Landsat wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán rẹ̀ ti ń bọ̀ láti 1972. Ṣùgbọ́n má fi Landsat ka ilé, kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 pàápàá, mítà 10 ni ojú rẹ̀ mọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa dùn: lọ wò ó pẹ̀lú ẹsẹ̀. Mú ọgọ́rùn-ún òrùlé, lọ ka ilé gidi tó wà níbẹ̀. Mo ti ṣe é rí ní àárín ìlú àtijọ́. Ní inú agboolé, páànù ilé kan ń gun ti èkejì, kọ̀ǹpútà á sì ka ilé mẹ́rin sí ẹyọ kan. Ní ìdàkejì, mo rí ibi tí ó ti ka àgọ́ alápatà sí ilé. Kọ àṣìṣe yìí sílẹ̀, kó o sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ní CASA tàbí ní CUSP ti rí máàpù aláwọ̀ mèremère tó pọ̀. Ẹni tó mọ ibi tí dátà rẹ̀ ti ń purọ́ ni wọn kì í rí.

Lórí iye ènìyàn, ṣọ́ra. 2006 ni a ti ka ara wa gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ohun tó wà lórí WorldPop àti GRID3, ìfojúbù ni. Lò ó, ṣùgbọ́n pè é ní orúkọ rẹ̀.

Gbé kóòdù àti ojú ewé kan àlàyé sórí GitHub, ibi tí àwọn akọ́kóòdù ń kó iṣẹ́ sí. ṢÙGBỌ́N má gbé fáìlì oníbàárà ọ́fíìsì yín síbẹ̀ o! Orúkọ ènìyàn àti ilẹ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Dátà tí gbogbo ayé lè rí nìkan ni kó o lò.

Àbẹ̀ní_Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Kí n fi kún un: wọ́n máa bi ọ́ pé kí ni ìjọba ti ṣe. Mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn omíyalé 2011, Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò omíyalé Ìbàdàn, 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Bí o bá kọ SOP lórí odò Ìbàdàn tí o kò mẹ́nu ba ìyẹn, wọ́n á rò pé o ò jáde nílé.

Ìyá_Ìbejì_Dortmund

Ẹ dákun, owó ńkọ́? Ẹ kàn fò ó dá. Ẹni tó ní òun ò lówó ló béèrè o.

Ọ̀dọ̀ wa ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́; Baden-Württemberg nìkan ló máa ń gba €1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ àjèjì káàkiri ìpínlẹ̀ náà, kí ẹ má lọ ṣìnà síbẹ̀. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró ni owó tí wọ́n máa ní kó o tì mọ́ àkáùǹtì kó o tó gba físà: €11,904 fún ọdún kan. Tìrẹ ni, oṣooṣù ni wọ́n á máa tú u fún ọ, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní i kó o tó wá.

Ibi tí Àdùkẹ́ ti lè rọ́wọ́ mú ni EPOS, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ti DAAD, àjọ ilẹ̀ Jámánì. Ọdún méjì iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, o ti ní i. Dígírì rẹ kò sì gbọ́dọ̀ ju bí ọdún mẹ́fà lọ, nítorí náà má jẹ́ kó pẹ́. Àkójọ ẹ̀kọ́ wọn máa ń jáde lọ́dọọdún, ètò ìlú máa ń wà níbẹ̀. Ka ti ọdún tó o fẹ́ wọlé gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Netherlands, ITC wà ní Enschede lábẹ́ Twente: máàpù àti sátẹ́láìtì ni iṣẹ́ wọn láti 1950, ọmọ Áfíríkà sì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀wà.

Àbẹ̀ní_Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Chevening, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ìlú Ọba: wákàtí 2,800 iṣẹ́, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni wàá yàn, wàá sì padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù máa ń ṣí ní oṣù kẹjọ. 2:1 ni wọ́n sábà máa ń retí, nítorí náà kọ́kọ́ rí ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ pé òun lè gba 2:2 rẹ. Ẹ̀rù ò bà mí fún ọ, ọ̀rọ̀ odò yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Danfo_Philly

Amẹ́ríkà: másítà kì í ṣe PhD, wọn kì í gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ni mo máa ní kó o wò fún assistantship, iṣẹ́ inú yunifásítì tó ń bá ọ gbé owó ẹ̀kọ́. Béèrè iye ọmọ másítà tó rí i gbà lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n dá ọ lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà. Owó fọ́ọ̀mù tó bíi $75 sí $100 lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́tà ìlà mẹ́ta ni. Márùn-ún tó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ìgbàgbọ́. Èmi fi mẹ́sàn-án ránṣẹ́, mo sì ń kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan sínú SOP ti èkejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀_Ti_Wú

A ti rẹ́rìn-ín.

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Mo ti lọ fún transcript láàárọ̀ yìí, mo gba ìwé owó, mo sì kọ orúkọ obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi àti ọjọ́ tó ní kí n padà wá. Mo kọ ímeèlì sí olùkọ́ mi méjì. Ìpinnu mi: ti dátà ni mo máa lọ fún, ní ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí n mú kọ́ọ̀sì ètò ìlú díẹ̀ mọ́ ọn, torí dígírì àkọ́kọ́ mi á bá mi ṣe ti TOPREC. Mẹ́rin ni: ITC, Glasgow, Liverpool, àti ọ̀kan nínú ti EPOS. Amẹ́ríkà di ọdún tó ń bọ̀.

Mo ti gbé òrùlé sínú QGIS. Ìlà kìíní SOP mi báyìí: «Pláànù náà sọ pé odò jìnnà. Odò kò ka pláànù.»

Máàpù_Àgbo

Ìlà kejì ńkọ́? Má jẹ́ kó jẹ́ àrà nìkan. Iye òrùlé ni mo fẹ́ rí níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Ọjọ́ Sátidé ni máa fi ẹsẹ̀ ka ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, bí òjò bá jẹ́ kí n ráyè.

Ẹni_X_Pupa

Àdùkẹ́, kí n sọ òótọ́ fún ọ, ẹ̀bá odò ni ṣọ́ọ̀bù ìyá mi wà. Àwa náà mọ̀. Bí o bá dé ìhà ibẹ̀, bá wa kà á mọ́ ọn.

Àdùkẹ́_Mọ́kọlá

Fi orúkọ àdúgbò ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mi ò ní mú ọ̀dà dání.